Left 4 Dead 3: kí la fẹ́ kó wà níbẹ̀ gan-an?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Left 4 Dead, géèmù tí èèyàn mẹ́rin ti ń jọ gbógun ti sọ́ńbì, tinú tẹ̀yìn, ẹ gbà mí lọ́wọ́ àríyànjiyàn kan. Apá kìíní jáde lóṣù kọkànlá ọdún 2008, apá kejì tẹ̀ lé e lóṣù kọkànlá ọdún 2009, látìgbà náà, pin. Lóṣù kìíní ọdún 2020, Valve tó ni géèmù náà fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ò ṣiṣẹ́ lórí ohunkóhun tó jẹ mọ́ ọn. Síbẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ géèmù sọ́ńbì bá ti wáyé, apá kẹta yìí ni gbogbo èèyàn ń béèrè. Lójú tèmi, kò sóhun tó ṣe apá kejì ju pé ojú rẹ̀ ti gbó. Kí wọ́n fi Source 2, ẹ́ńjìnnì tuntun tí Valve fi ń kọ́ géèmù, tún un kọ́, kí àwòrán rẹ̀ dán, kí sọ́ńbì pọ̀ sí i, ó parí. Ṣé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹni tí kò bá gbà, kó sọ ohun tó fẹ́ ní pàtó. Kó má kàn ní “kó ṣáà dára sí i”.

* * *

Mi ò gbà. Ohun tó jẹ́ kí géèmù yìí wà láàyè títí dòní kò sí lójú rẹ̀. Inú Director ló wà, ìyẹn olùdarí tẹ́nikẹ́ni ò rí, tó ń pinnu ìgbà tí sọ́ńbì máa ya wọlé àti ibi tí wọ́n máa gbà yọ.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ka wàhálà ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí wọ́n bá lu ẹnì kan, wàhálà tiẹ̀ á ga. Tí sọ́ńbì bá kú nítòsí rẹ̀, á ga díẹ̀. Tó bá ṣubú, á ga gan-an. Tí wàhálà bá ti dé góńgó, Director á jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 sí 5, á wá dáwọ́ dúró, kò ní kó ọ̀wọ́ tuntun wá mọ́. Ẹ ó pa ìwọ̀nba tó kù nílẹ̀, ẹ ó wá ní ìsinmi bí ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 45, àyàfi tẹ́ ẹ bá fi ìkánjú sáré jìnnà síwájú. Lẹ́yìn náà ló tún máa bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ díẹ̀díẹ̀.

Ìsinmi yẹn gan-an ni adùn rẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ máa gbọ́ ẹkún Witch, sọ́ńbì obìnrin téèyàn ò gbọdọ̀ yọ lẹ́nu, láti yàrá kejì, gbogbo yín á pa iná tọ́ọ̀ṣì, ẹ ó máa yọ́ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Tẹ́ ẹ bá fi Source 2 kun géèmù yìí láìfọwọ́ kan Director, ọ̀dà tuntun lẹ kàn fi kun ilé àtijọ́.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí iṣẹ́ Director pọ̀ sí i: kó lè ti ilẹ̀kùn kan kó ṣí òmíràn, kó pa iná ilé, kó yí ojú ọjọ́ padà. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ ní 2009. Nínú The Parish, ọ̀kan lára àwọn ìrìn-àjò apá kejì, ọ̀nà inú itẹ́ òkú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Nínú Hard Rain, ìrìn-àjò mìíràn, ẹ máa lọ wá epo, ẹ ó sì gba ojú ọ̀nà kan náà padà, ṣùgbọ́n òjò ti dé, omi ti gba ilẹ̀, ojú yín ò ríran jìnnà mọ́, ìró òjò sì ti bo ohùn Charger, sọ́ńbì ńlá tó ń sáré kọlu èèyàn, tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí wọ́n mú ìyẹn, kí wọ́n fi sínú gbogbo ìrìn-àjò apá kẹta.

* * *

Òótọ́ lẹ sọ nípa Director, ṣùgbọ́n Valve ti dán ohun tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ wò. Ní 2020 ló hàn síta pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ apá kẹta kan rí. Ilẹ̀ Mòrókò ni wọ́n fi ṣe, ayé gbalasa téèyàn lè rìn káàkiri, sọ́ńbì ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Source 2 tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọ kò tíì pé nígbà náà ni wọ́n fi pa á tì. Source 2 ti dàgbà báyìí. Òun ni géèmù Half-Life: Alyx ti 2020 dúró lé, òun náà ni Counter-Strike 2 ti 2023. Ohun tó dí wọn lọ́wọ́ ti kúrò lọ́nà, kí wọ́n padà sí Mòrókò.

* * *

Ẹ dúró ná, ẹ̀gbọ́n. Source 2 nìkan kọ́ ni ìṣòro ayé gbalasa. Director ò lè ṣiṣẹ́ tí kò bá mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn.

Nínú máàpù kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti pín gbogbo ilẹ̀ téèyàn lè tẹ̀ sí ègé-ègé, wọ́n sì ti wọn bí ègé kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà tó sí ibi ìbẹ̀rẹ̀, lójú ọ̀nà tó lọ sí yàrá ààbò tí máàpù parí sí. Ìwọ̀n yẹn ni Director fi ń mọ ẹni tó ṣíwájú àti ẹni tó ń fà sẹ́yìn, ibi tó yẹ kó dá Tank, sọ́ńbì òmìrán, sí, àti ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kí ọ̀wọ́ sọ́ńbì gbà yọ. Òun náà ni wọ́n fi ń ka máàkì ní Versus, níbi tí ẹgbẹ́ méjì ti ń bá ara wọn díje. Ẹ wá kó èèyàn mẹ́rin sínú ìlú gbalasa, kí ẹnì kan gba ìlà oòrùn lọ, kí ẹnì kejì gba ìwọ̀ oòrùn. Níbo ni iwájú wà níbẹ̀? Ta ni Director fẹ́ tẹ̀ lé?

Èyí tí mo fara mọ́ ni máàpù fífẹ̀ tó ní ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí gbogbo rẹ̀ já sí yàrá ààbò kan ṣoṣo. Kí ọ̀nà kan kúrú, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó ń pariwo tí ọta bá bà á kún ibẹ̀. Kí òmíràn gùn, kó ṣókùnkùn, kí oògùn wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ máa jọ yàn, ẹ ò sì ní lè pín ara yín, torí ẹni tí Smoker, sọ́ńbì alahọ́n gígùn, bá fi ahọ́n wé lọ́nà kejì ti kú nìyẹn. Tó bá jẹ́ Mòrókò ni wọ́n fẹ́, ọ̀nà tóóró àárín ìlú àtijọ́ àti òrùlé tó fara kan òrùlé á bá èyí mu gan-an. Kí iwájú ṣáà máa jẹ́ iwájú.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo “sọ́ńbì ọgọ́rọ̀ọ̀rún”, ẹ dán an wò nínú apá kejì kẹ́ ẹ tó béèrè fún un. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹ lọ sí Options, ẹ wọ Keyboard/Mouse, ẹ ṣí developer console, ibi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ sí géèmù. Ẹ tẹ bọ́tìnì ~, ẹ kọ map c5m1_waterfront síbẹ̀, máàpù àkọ́kọ́ The Parish á ṣí. Ẹ kọ sv_cheats 1, kó lè gba àwọn àṣẹ tó kù. Ẹ wá kọ z_common_limit 60. 30 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ni iye sọ́ńbì lásán tó lè wà láàyè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ z_mega_mob_size 100. 50 ni tẹ́lẹ̀, òun ni bí ọ̀wọ́ ńlá ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ wá fi director_force_panic_event, tó ń mú kí ọ̀wọ́ ya wọlé, parí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tètè fẹ̀yìn ti ògiri.

Ní ìpele Normal (Easy ló rọrùn jù, Normal tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Advanced, Expert ló le jù), ẹ̀mí 2 péré ni ẹ̀ṣẹ́ sọ́ńbì kan ń gbà, nítorí náà ó máa kọ́kọ́ dùn. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọta yín. Ìbọn M16 ń gba ọta 50, sọ́ńbì kan ní ẹ̀mí 50, ọta méjì tó bá bà á lára ló máa pa á. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ ta ìkankan dànù, 25 lẹ pa, ìbọn ti gbẹ, 35 ṣì wà lójú yín bẹ́ ẹ ṣe ń kó ọta mìíràn sí i. Ẹ wá gbé e lọ sí Expert, níbi tí ẹ̀ṣẹ́ kan ń gba 20 nínú ẹ̀mí 100. Márùn-ún péré, ẹ ti wà nílẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀ṣẹ́ wọn ń fa ìrìn èèyàn sẹ́yìn. Tí èyí àkọ́kọ́ bá ti bà yín, ẹ ò lè sá mọ́.

Iye tó wà nínú géèmù yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣèèṣì kọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó di ìlọ́po méjì gbọ́dọ̀ tún ẹ̀ṣẹ́, ọta àti ìrìn ṣe pọ̀ mọ́ ọn.

* * *

World War Z, géèmù sọ́ńbì mìíràn, ti ṣe é, ó sì ṣiṣẹ́. Ní 2019 ni wọ́n ti ń kó sọ́ńbì tó tó 500 jáde lẹ́ẹ̀kan, wọ́n máa ń gun ara wọn lórí bí eèrùn títí wọ́n á fi gun odi. Ní 2023 wọ́n fi ipò kan kún un tó gbé e dé 1,000. Ẹ má sọ pé kò ṣeé ṣe.

* * *

Mi ò ní kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń yìnbọn sí 500, ẹ kì í wo ẹnikẹ́ni lójú mọ́. Òkìtì lẹ ń yìnbọn sí. Nínú Left 4 Dead, ẹ máa rí ọ̀kan tó gbọ́ ìró, tó yíjú padà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ẹ ó sì tì í pẹ̀lú ìdí ìbọn kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì yín. Títì yẹn ni ìdajì iṣẹ́ ààbò. Títari ò wúlò fún òkìtì.

Tí wọ́n bá fẹ́ 500, kí wọ́n fi sí ojú kan: lórí afárá, lẹ́yìn odi, níbi tẹ́ ẹ máa rí wọn lókèèrè kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀. Nínú yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, 30 sí 45 tó gẹ́ẹ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ káàdì ńkọ́? Géèmù Back 4 Blood, tí ilé-iṣẹ́ Turtle Rock tó bẹ̀rẹ̀ Left 4 Dead gan-an ṣe ní 2021, fi káàdì 15 tó ń fúnni ní agbára sọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń jẹ́ kí ẹnì kan di oníṣègùn, kí ẹlòmíràn di alágbára. Apá kejì kò ní irú ẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, kí ló kù láti lé?

* * *

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé káàdì wá síbí. Ìdí tí apá kejì fi rọrùn láti pe ọ̀rẹ́ sí ni pé kò sẹ́ni tó ń gbé ohunkóhun wọlé. Ẹni tó ti gbá a fún wákàtí ẹgbẹ̀rún kan àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lónìí, ìbọn kékeré kan náà ni wọ́n bá dìde, wọ́n jọ mú àpò ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì, ọgbọ́n nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Pẹ̀lú káàdì, ẹni tuntun á kọ́kọ́ ka káàdì, á tò ó, á tún bi yín pé èwo ló yẹ kóun mú, ilẹ̀ á sì ti ṣú.

Ohun tẹ́ ẹ ń wá nínú káàdì ti wà nínú àwọn àyè márùn-ún tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní: ìbọn ńlá, ìbọn kékeré tàbí ohun tí wọ́n fi ń gé, ohun jíjù, àpò ìtọ́jú, oògùn ìrora. Ẹ mú àpò ìtọ́jú nìkan. Ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀mí tẹ́ ẹ ti pàdánù ló ń dá padà. Ẹni tó ní ẹ̀mí 40 ti pàdánù 60, á gba 48, á di 88. Ẹni tó ku 10 ti pàdánù 90, á gba 72, á di 82. Àpò kan náà, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ lára ẹnìkejì pọ̀ gan-an. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá kì í fi wo ara rẹ̀ sàn ní 60. Á gbé oògùn ìrora mì, á gba ẹ̀mí 50 tó ń jò díẹ̀díẹ̀, á sáré dé yàrá ààbò, àpò ìtọ́jú á sì wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ẹni tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, tí gbogbo ohun tó ń rí ti di dúdú àti funfun. Tí ẹni yẹn bá ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta, ó kú nìyẹn. Irú ìpinnu yìí ni kí wọ́n fi kún un: ohun jíjù tuntun kan, oògùn tuntun kan. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun téèyàn ti tò sílẹ̀ kó tó wọlé.

* * *

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọta tó ń ba ọ̀rẹ́ ẹni náà. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò torí àwọn aláìgbọ́n tó ń mọ̀ọ́mọ̀ yìnbọn sí ọ̀rẹ́. Kí wọ́n má dán an wò. Ní Easy kò sí. Ní Normal ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ọta ló ń wọlé. Ní Advanced 30. Ní Expert 50. Àtẹ̀gùn yẹn ló ń kọ́ èèyàn ní ìdúró. Tẹ́ ẹ bá wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó wà níwájú á lóṣòó, àwọn ti ẹ̀yìn á dúró, ọta á máa kọjá lókè orí. Ẹni tó mú ṣọ́tígọ̀nù kò gbọdọ̀ dúró lẹ́yìn láé, torí ọta rẹ̀ ń tú ká. Tẹ́ ẹ bá yọ ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa lóṣòó mọ́, kò sẹ́ni tó máa ké pé “mò ń kọjá”, ẹ sì ti di èèyàn mẹ́rin tó kàn jọ wà nínú yàrá kan.

Fún àwọn tó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kí géèmù máa ka iye ẹ̀mí tí wọ́n gbà lára ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tó bá kọjá ìwọ̀n kan kí ọta rẹ̀ má bá ọ̀rẹ́ mọ́ títí máàpù yẹn á fi parí.

* * *

Bot. Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ bot, ìyẹn ẹlẹgbẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń darí, bẹ́ẹ̀ àìmọye èèyàn ló ń dá nìkan gbá a.

Bot apá kejì ń yìnbọn dáadáa, ó ń gbé ẹni tó ṣubú dìde, ó ń fún èèyàn lóògùn. Ṣùgbọ́n kì í ju Molotov, kì í ju bọ́ǹbù páìpù, kì í sì í gbé kẹ́ẹ̀gì epo. Ẹ lọ sí ìparí ìrìn-àjò Dead Center, níbi tẹ́ ẹ ti gbọ́dọ̀ da kẹ́ẹ̀gì 13 sínú ọkọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin àti bot mẹ́ta ni, ẹ̀yin nìkan lẹ máa gbé mẹ́tàlá náà, Tank á sì máa lé yín lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀nà àbáyọ kan wà: ẹ kọ́kọ́ ju kẹ́ẹ̀gì òkè sísàlẹ̀ láti orí irin ìdábòbò, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ sẹ́bàá ọkọ̀, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á. Ẹ má jẹ́ kí ó wà níbi tí Spitter, sọ́ńbì tó ń tu itọ́ olóró, lè tu itọ́ sí, á gbiná.

Apá kẹta gbọ́dọ̀ ní bot tó ń gbọ́rọ̀: dúró síbí, gbé èyí, ju bọ́ǹbù sọ́hùn-ún. Àṣẹ mẹ́ta péré. Tèmi, èyí ṣe pàtàkì ju Source 2 lọ.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n mú wa padà sọ́dọ̀ Versus, torí àwọn tí kò tíì fi apá kejì sílẹ̀ rárá, ọ̀pọ̀ wọn ibẹ̀ ni wọ́n wà. Mẹ́rin sí mẹ́rin: àwọn kan ń sá, àwọn yòókù jẹ́ sọ́ńbì alágbára bíi Hunter, Boomer, Jockey àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á yí ipò padà.

Ibi tó ti ń dun èèyàn ni sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó so gbogbo ẹni tó ń gbá a pọ̀. Ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni sáfà géèmù yìí ń ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìyẹn ni pé àlàfo bí ìdá 33 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá wà láàárín ìṣírò kan àti èkejì. Hunter tó fò, tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣọ́tígọ̀nù já bọ́ lójú òfúrufú, ẹ̀mí 250 ló ní, ìbọn kan tó bà á dáadáa lè pa á. Ṣùgbọ́n nínú àlàfo yẹn ó ti sún kúrò níbi tẹ́ ẹ rí i. Àwọn tó ń gbé sáfà tiwọn kalẹ̀ máa ń fi ohun àfikún gbé e dé 60 tàbí 100, àlàfo á wá di bí 17 tàbí 10. Ẹni tó bá ti gbá a níbẹ̀ rí kì í fẹ́ padà. Kí apá kẹta bẹ̀rẹ̀ láti 60 fún Versus, kó sì gbà kẹ́nikẹ́ni gbé sáfà tirẹ̀ kalẹ̀.

Àwọn tó ń sá kúrò láàárín ìdíje náà wà. Bot ló ń gba ipò wọn, ìdíje sì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìjìyà nìkan ò ní tán an. Tí ẹgbẹ́ kan bá ti kú pátápátá ní yàrá kìíní lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n lè jọ dìbò pé àwọn gbà, kí ẹ tún ara yín pín.

* * *

Ohun kan tí mo fẹ́ kí Valve rántí: nígbà tí wọ́n kéde apá kejì ní 2009, àwọn tó ra apá kìíní kóra jọ lórí Steam, ìkànnì tí Valve ti ń ta géèmù, láti ta kò ó, iye wọn sì ju 30,000 lọ. Ẹ̀sùn wọn ni pé ọdún kan ò tíì pé, máàpù àtijọ́ máa ṣófo. Ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tó di 2012 ni gbogbo ìrìn-àjò apá kìíní tó wọ inú apá kejì tán. Lọ́tẹ̀ yìí kí No Mercy, Dead Air, The Parish àti àwọn yòókù wà nínú apá kẹta láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí èèyàn má ba à pín sí méjì.

Kí wọ́n sì jẹ́ kí mod, ìyẹn àfikún tí àwọn tó ń gbá géèmù ń ṣe, wọlé láti ọjọ́ àkọ́kọ́. The Last Stand, àtúnṣe ńlá tó jáde ní 24 oṣù kẹsàn-án 2020, àwọn tó ń gbá géèmù yìí ló ṣe é, Valve kàn fọwọ́ sí i ni. Ẹ wo agbára tó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tún ọ̀nà tí mod ń gbà wọlé ṣe. Ní báyìí, mod méjì tó bá fọwọ́ kan fáìlì kan náà á bá ara wọn jà, orúkọ wọn á pupa nínú àkójọ Add-ons. Ẹni tí géèmù rẹ̀ ò bá ṣí mọ́ lẹ́yìn mod tuntun, kó ṣí fáìlì addonlist.txt nínú fódà left4dead2, kó yí "1" tó wà níwájú mod yẹn sí "0", kó tún géèmù bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ fúnra rẹ̀ ló kó fáìlì .vpk sínú fódà addons, kó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

* * *

Èmi tí mo bèèrè tún dé. Mo ti dán z_common_limit 60 wò ní Expert gẹ́gẹ́ bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́, mo sì yí ọ̀rọ̀ mi padà lórí iye sọ́ńbì. Mo gbà pẹ̀lú pé káàdì ò yẹ. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà pé bot ṣe pàtàkì ju Source 2 lọ. Tí òjò Hard Rain àti ilẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra rẹ̀ bá máa wà nínú gbogbo máàpù, ẹ́ńjìnnì tuntun ló máa gbé e.

* * *

Ó yé mi. Ẹ tún ṣe ohun kan fún mi: ẹ dá z_common_limit padà sí 30, ẹ kọ map c4m1_milltown_a, kẹ́ ẹ gbá Hard Rain láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú bot mẹ́ta ní Advanced. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀ nínú òjò, ẹ ka iye ìgbà tí bot dúró wò yín, tí bọ́ǹbù páìpù sì wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí kò mú un. Ẹ padà wá sọ iye rẹ̀ fún wa.